Kóòṣì Mẹ́ta, Ọmọbìnrin Kan: Bí A Ṣe Yan Ẹni Tí Yóò Kọ́ Ọmọ Wa ní Bọ́ọ̀lù

Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí ọmọ wa obìnrin ti ń gbá láti ọmọ ọdún mẹ́jọ tú ká. Kóòṣì wọn kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, àwọn òbí sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tiwa pé mẹ́rìnlá lóṣù yẹn gan-an. Ó wà ní kíláàsì kẹjọ, oṣù mẹ́rin péré ló kù kó wọ háì sukúù. Katy là ń gbé, lápá ìwọ̀-oòrùn Houston ní Texas, níbi tí pápá bọ́ọ̀lù pọ̀ bí ilé epo, tí ẹgbẹ́ tó ń wá ọmọ sì pọ̀ débi pé orí òbí á dàrú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù kí ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní tryout tó dé, ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ máa ń ṣa ọmọ tí wọ́n fẹ́. A gbọ́dọ̀ mú kóòṣì kan kó tó dìgbà yẹn.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀ka eegun àti oríkèé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò gbá bọ́ọ̀lù rí. Ní Abẹ́òkúta tí mo ti dàgbà, ọmọbìnrin tó bá ń bá àwọn ọkùnrin gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò, wọ́n á ní kò mọ̀ pé obìnrin lòun. Ọkọ mi ló mọ bọ́ọ̀lù, àmọ́ bó ṣe bá a nílé ló ṣe mọ̀ ọ́n: kí kóòṣì le, kí ọmọ sáré, kí ẹni tí kò bá lè gbá a jókòó. Mò ń kọ èyí sílẹ̀ nítorí àwọn ìyá tó ń pè mí lórí fóònù pé, "Mọ́mì, kóòṣì wo ló lè gbé ọmọ mi dé yunifásítì?" Ìbéèrè tí èmi náà fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, òun ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì wá lọ́nà.

Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, mi ò ní purọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti wà ní yunifásítì, a sì ń san án lósooṣù. Ọkọ mi ti fọkàn sí i pé bọ́ọ̀lù ni yóò san ti èyí. Nígbà náà, òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá láwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, gba ẹgbẹ́ obìnrin kọ̀ọ̀kan ní Division I, ìpele tó ga jù, láyè sìkọ́láṣíìpù 14, wọ́n sì lè gé e wẹ́wẹ́ kí ó kárí ọmọ tó ju 20 lọ. Ti Division II jẹ́ 9.9. Division III kì í torí bọ́ọ̀lù fún ọmọ lówó rárá. Ìwé ọmọ àti àpò òbí ni wọ́n ń wò. Ní Ivy League, ìyẹn àwọn yunifásítì ńlá bíi Yale, àpò òbí nìkan. Nínú 100 ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní háì sukúù jákèjádò Amẹ́ríkà, bíi 7 ló ń dé ẹgbẹ́ NCAA kankan, kékeré àti ńlá ni mo kà pọ̀ yẹn. Mo kọ 7 yẹn gàdàgbà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Inú ọkọ mi ò dùn sí i, àmọ́ kò yọ ọ́ kúrò.

Kóòṣì àkọ́kọ́ tí a lọ rí wà nínú ẹgbẹ́ ńlá kan tó ń gbá ní ECNL. Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù ọmọbìnrin níbí mọ̀ pé líìgì yẹn àti Girls Academy ló wà lókè pátápátá. Láísẹ́ǹsì A, ìwé ẹ̀rí kóòṣì láti ọwọ́ US Soccer, àjọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àsíá yunifásítì ló kún ògiri ọ́fíìsì wọn láti òkè dé ilẹ̀. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó fi ímeèlì hàn wá pé ẹ wò ó, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni gbogbo ìwọ̀nyí, àwọn yunifásítì ti ń kọ̀wé sí wọn. Ó ní bí ọmọ wa bá wọlé sọ́dọ̀ òun, òun á rí i dájú pé ó rí sìkọ́láṣíìpù. Ọkọ mi wò mí, mo wò ó. Ọkàn mi fò sókè. Mo ya fọ́tò díẹ̀ nínú àwọn ímeèlì náà kí n lè fi han ọmọ.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ní aago méjì òru tí mo jókòó láti jẹun, mo wá òfin NCAA kà fúnra mi. Láti ọdún 2019, kóòṣì Division I ò gbọ́dọ̀ bá ọmọ agbábọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ pé òun fẹ́ gbà á, títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹfà tí ọmọ náà bá parí kíláàsì kẹwàá. Ọmọ lè kọ̀wé sí wọn. Àwọn ò lè fèsì irú rẹ̀. Ohun tí wọ́n lè fi ránṣẹ́ nígbàkigbà ni ìwé ìbéèrè àti ìpolówó kámǹpù. Mo pa dà sínú fọ́tò tí mo yà. Kámǹpù ni gbogbo wọn, iye owó wà nísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìpolówó tí ẹnikẹ́ni tó bá forúkọ sílẹ̀ lè rí gbà ni wọ́n fi hàn wá bí ìwé ìgbaniwọlé.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ torí ìyẹn nìkan kọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo wakọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń bọ̀. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo sọ wíńdò kalẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn mọ bọ́ọ̀lù, òótọ́ ni mo gbọ́dọ̀ sọ. Àmọ́ bí àwọn kan ṣe ń gbá a, àwọn mẹ́fà dúró sẹ́bàá ìlà tí kò sí bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ wọn. Mo fi aago ọwọ́ mi ka ìṣẹ́jú, bí mo ṣe máa ń ka ìlùkìkì ọkàn aláìsàn. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni wọ́n fi dúró. Ọmọ kan fún ẹni tí kò yẹ ní bọ́ọ̀lù, kóòṣì fọn fèrè, ó fi ọwọ́ júwe bẹ́ǹṣì fún un láìsọ nǹkan kan. Ọmọ náà fa aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó wọ̀ lé èwù rẹ̀ sókè, ó fi bo ojú. Mo rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Kò sí ẹni tó lọ bá a títí tí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ẹnì kejì jẹ́ ẹ̀gbọ́n wa. A jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó ti fi bọ́ọ̀lù jẹun nílé kó tó wá sí Amẹ́ríkà, àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Kò sí lábẹ́ ẹgbẹ́ kankan. Ó kàn ń kó ọmọ mẹ́ta mẹ́rin jọ sí páàkì. Ní ti tiwa, ó ní kí n máa gbé e wá láago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, òun àti ẹ̀ nìkan, kí òun lè fojú tó o dáadáa. Ogójì dọ́là ló ní òun máa gbà lẹ́ẹ̀kan. Kí a tó fẹnu kò, ọmọ mi ti gbé fóònù wá fún mi: "Mọ́mì, Uncle ti ń tẹ̀ ẹ́ sí mi." Mo kà á. Kò sí aburú kankan nínú rẹ̀. Sùn dáadáa, mu omi, má jẹ súgà púpọ̀.

Ṣùgbọ́n òfin SafeSport, èyí tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo ọmọ nínú eré ìdárayá, tó sì de gbogbo ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ US Soccer yé mi nígbà náà. Bí àgbàlagbà bá fẹ́ wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ níbi tí ẹlòmíràn ti lè rí wọn tí ó sì lè dá wọn dúró. Bí ó bá fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ, òbí tàbí àgbàlagbà mìíràn gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n, mo ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa jókòó tì wọ́n, kí wọ́n sì máa fi èmi sínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ fi ránṣẹ́.

"Ìyàwó wa, ṣé ẹ̀yin náà ti ń fojú olè wò mí ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ yín. Àmọ́ tí mo bá gbàgbàkugbà fún ẹni tí mo mọ̀, kí ni màá sọ fún ẹni tí mi ò mọ̀?"

Wọ́n gé fóònù. Fún oṣù méjì, wọn ò kí wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dùn mí, torí ènìyàn dáadáa ni wọ́n. Ibi tí ọ̀pọ̀ àwa Yorùbá ti ń kọsẹ̀ nìyí: a ń tijú àgbà. Ẹni tó bá ti jẹ́ ara ilé, tó ń dọ̀bálẹ̀ fún ìyá wa, tó ń gbàdúrà pẹ̀lú wa, a kì í bi í ní ìbéèrè tí a máa bi òyìnbó. Ní iṣẹ́ mi, mo ti rí ohun tí ìtìjú yẹn ń dá sílẹ̀. Orúkọ àwọn kóòṣì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo wá lórí ojú òpó US Center for SafeSport, níbi tí wọ́n ń to orúkọ àwọn tí wọ́n ti fìyà jẹ tàbí tí wọ́n dá dúró nítorí ìwà àìtọ́ sí. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Kò sí orúkọ ẹnì kankan nínú wọn, àmọ́ mi ò torí ìyẹn dẹwọ́, torí ẹni tí wọ́n ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn nìkan ló lè wà níbẹ̀.

Ẹnì kẹta, obìnrin ni. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì rẹ̀ lọ́dún mẹ́rin, ó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì lójúmọmọ, láísẹ́ǹsì B ló ní. Ìpele tó tẹ̀ lé ECNL ni ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Kò sí àsíá lára ògiri torí kò sí ọ́fíìsì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mìíràn ni mo lọ yọjú.

Ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni mo fi mọ̀ pé ibi tí mo ń wá ni mo dé. Kò tíì sí bọ́ọ̀lù nílẹ̀. Ó to àwọn ọmọ ní méjì méjì, wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń fi èjìká ti ara wọn lófuurufú, wọ́n ń balẹ̀. Bí ọmọ kan bá balẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ yọ́ sínú, kóòṣì á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣàpèjúwe: tẹ orúnkún, jẹ́ kó dọ́gba pẹ̀lú ìka ẹsẹ̀, balẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìdánrawò tí FIFA ṣe láti dín ìpalára kù ni, 11+ ni wọ́n ń pè é. Ní wọ́ọ̀dù wa, mo ti tọ́jú ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún tó já okùn ACL tó wà nínú orúnkún. Oṣù mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kó tó pa dà sórí pápá, ọdún tí yunifásítì ń wo ọmọ sì lè bọ́ sínú oṣù wọ̀nyẹn. Àwọn ọmọbìnrin ló sì ń já okùn yìí ju àwọn ọmọkùnrin lọ fíìfíì. Kóòṣì tó bá fo ogún ìṣẹ́jú yẹn, mi ò bìkítà iye ife ẹ̀yẹ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a, ọmọ kan tó wà lẹ́yìn gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ aṣọ́lé, wọ́n já a gbà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó di gólì. Ó di orí mú. Kóòṣì dá eré dúró, ó rìn lọ bá a, kò pariwo. Mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà: "Kí lo rí kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ?" Ọmọ náà ní òun ò rí nǹkan kan. "Ó dáa. Ẹ gbé e pa dà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀." Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ náà ti bojú wẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé, ó yí i gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́ fún un.

Ní ọjọ́ tí a jókòó sọ̀rọ̀, káàdì èsì ilé ẹ̀kọ́ ló kọ́kọ́ béèrè. Ó ní iṣẹ́ 16 ni NCAA ń kà mọ́ ọmọ lọ́rùn ní háì sukúù, Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin, ìṣirò mẹ́ta, sáyẹ́ǹsì méjì àti àwọn yòókù, kí máàkì wọn má sì lọ sílẹ̀ ju 2.3 nínú 4.0 fún Division I. Ó ní láti kíláàsì kẹsàn-án ni wọ́n ti ń kà á, ọ̀pọ̀ òbí ò sì mọ̀ títí ó fi pẹ́. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọmọ, ó bi í pé kí ló ń gbádùn nínú bọ́ọ̀lù. Ọkọ mi ò lè mú un mọ́ra, ó béèrè sìkọ́láṣíìpù. Kóòṣì ní, "Mi ò lè ṣèlérí ilé ẹ̀kọ́ kankan fún yín, sà. Ohun tí mo lè ṣe ni pé ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, màá kọ ibi tó dé sílẹ̀ fún yín, bó dùn bí kò dùn."

Mo béèrè nọ́ńbà àwọn òbí tí ọmọ wọn ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó fún mi ní mẹ́ta, ó sì sọ fún mi pé ìkan nínú wọn fi ìbínú lọ. Ẹni yẹn ni mo kọ́kọ́ pè. Obìnrin náà ní òun bínú torí kóòṣì sọ fún òun pé ọmọ òun ò tíì tó gbá ECNL. Mo ní, ṣé ó purọ́ ni? Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Rárá, kò purọ́." Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n pe àwọn méjì yòókù, àmọ́ mo pè wọ́n.

Èmi àti ọkọ mi ò fẹnu kò. Ó ní ECNL ni àwọn kóòṣì yunifásítì ń rọ́ lọ wò, kò sì parọ́. Bí ìdíje wọn bá wà, a lè rí ọ̀pọ̀ kóòṣì lórí àga tí wọ́n gbé ìwé dání. Mo mú pẹ́ńsù. Ọmọ 24 ló wà nínú ìwé ẹgbẹ́ ńlá yẹn, 18 ló ń wọṣọ lọ́jọ́ eré. Lójú àwa méjèèjì tí a fẹ́ràn ọmọ wa, ipò ogún ló máa bọ́ sí. Ta ni kóòṣì yunifásítì fẹ́ wò lórí bẹ́ǹṣì? Owó ọ̀hún sì fi nǹkan bíi 1,500 dọ́là ju ti èkejì lọ lọ́dún, ká má tíì sọ ti ọkọ̀ òfuurufú àti hòtẹ́ẹ̀lì. Ó ní ká bi ọmọ. Ọmọ náà ti gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ẹgbẹ́ méjèèjì lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní, "Dádì, lọ́dọ̀ obìnrin yẹn, mo ṣi bọ́ọ̀lù gbá, mo sì tún fẹ́ kó wá sẹ́sẹ̀ mi." Ọkọ mi ò tún sọ nǹkan kan. Ó lọ sanwó.

Ọdún àkọ́kọ́ le. Àárín pápá lọmọ wa ti ń gbá láti kékeré. Kóòṣì gbé e lọ sí ẹ̀yìn lápá òsì. Mo rò pé wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni. Ìwé oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ dé, ìlà mẹ́rin péré: ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ dára, agbábọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ òsì ò sì pọ̀, ó ń sáré pẹ́, ẹ̀rù ń bà á láti sọ̀rọ̀ lórí pápá, kì í bojú wẹ̀yìn kó tó gba bọ́ọ̀lù. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkọ mi ti jáwọ́ nínú kígbe "Gbá a! Gbá a!" létí pápá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka iye ìgbà tí ọmọ bojú wẹ̀yìn. Nínú eré kan lẹ́yìn náà, ó ka mẹ́sàn-án. Nígbà tó fi di ìgbà ìrúwé, kò lè kà á mọ́.

Níbì kan, a ṣe àṣìṣe. Ní 2024, ìpolówó kámǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún òun náà, orúkọ rẹ̀ ló wà lókè, ó dà bíi pé òun ni wọ́n ń wá. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ti mọ̀ yẹn, mo sanwó kámǹpù mẹ́ta. Nínú méjì, àwọn ọmọ pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ló wúlò, torí kóòṣì rẹ̀ ti kọ̀wé síwájú pé ọmọ yìí ń bọ̀, ẹ wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Láti ìgbà náà, ibi tí kóòṣì wa bá dárúkọ nìkan là ń sanwó sí.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 2025, adájọ́ fọwọ́ sí àdéhùn tí wọ́n ń pè ní House, láàárín NCAA àti àwọn eléré ìdárayá yunifásítì tó pè é lẹ́jọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá wọ inú rẹ̀ lè fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní sìkọ́láṣíìpù, àmọ́ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù obìnrin ò gbọ́dọ̀ ju ọmọ 28 lọ. Kóòṣì pe gbogbo òbí jọ lọ́sẹ̀ kan náà. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ tó ní ju 30 ọmọ lọ máa gé e kù, àwọn tí wọ́n gé yóò máa wá àyè kiri, ẹ má retí ariwo lọ́jọ́ 15.

Ọjọ́ 15 yẹn bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ àwọn bàbá. Fóònù ọmọ wà nínú báàgì mi ní gbogbo ìgbà ìsìn. Kò dún. Ìmúra tí kóòṣì mú wa ṣe ni kò jẹ́ kó sunkún. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi ṣú, ímeèlì méjì wọlé: Division II kan níhìn-ín ní Texas, àti Division III kan tí ẹ̀ka ìmọ̀ ara ènìyàn wọn lókìkí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Division I kan béèrè fídíò, a ò sì gbúròó wọn mọ́.

Lóṣù keje ni Super Falcons gbé ife Áfíríkà ẹ̀kẹwàá ní Rabat. Morocco ti gbá gólì méjì wọlé kí tiwa tó jí, a sì fi 3 sí 2 nà wọ́n. A pariwo débi pé aládùúgbò kan kànlẹ̀kùn. Ọmọ mi jókòó, ó ń wá ìtàn àwọn agbábọ́ọ̀lù náà lórí fóònù. Esther Okoronkwo, tó gbá pẹnariti wọlé lọ́jọ́ náà, Texas níbí ló ti dàgbà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó lọ sí Lamar University ní Beaumont. Michelle Alozie, tó gba gólì tó lé South Africa lọ sílé ní semifáínà wọlé, Yale ló lọ, níbi tí kò sí sìkọ́láṣíìpù bọ́ọ̀lù, ó sì ṣiṣẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ ní Texas Children's Hospital nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Houston Dash. Ọmọ mi ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kejì ló fèsì ímeèlì Division III náà fúnra rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n pè mí náà lóṣù yẹn. Wọ́n ti ṣe ẹ̀kọ́ SafeSport, ẹgbẹ́ kan ti gbà wọ́n láti máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ. "Ìyàwó wa, ẹ wá orúkọ mi o, kí ọkàn yín balẹ̀." A rẹ́rìn-ín títí.

Oṣù tó ń bọ̀ ni a máa lọ wo ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì. Kóòṣì ti kọ ìbéèrè fún ọmọ láti bi wọ́n: àwọn mélòó ló wà ní ẹ̀yìn lápá òsì tí wọn ò ní tíì jáde ní 2027? Bí orúnkún mi bá já lọ́dún àkọ́kọ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí owó mi? Mo rí ìwé náà lórí tábìlì láàárọ̀ yìí. Ọmọ mi ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀kẹta sí i: ṣé mo lè wá wo ìdánrawò yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan tí kò sí àlejò?